Bíípíì mi dáa, ṣùgbọ́n mi ò lè gun àtẹ̀gùn dókè

Àtẹ̀gùn 16 ló wà nílé wa. Mi ò kà á rí tẹ́lẹ̀ o, ta ló ń ka àtẹ̀gùn ilé ara ẹ̀, àfi ọdún tí mímí bẹ̀rẹ̀ sí í di iṣẹ́ fún mi ni mo tó mọ̀ pé 8 ló wà kéèyàn tó dé kọ́nà, 8 tó kù ló ń gbéni dé òkè. Ibi kọ́nà yẹn ni mo ti máa ń dúró. Màá yọ fóònù, màá ṣe bí ẹni tó ń ka mẹ́sééjì, nígbà míì iná fóònù ò tiẹ̀ tàn, ojú dúdú ẹ̀ ni mo kàn ń wò títí àyà mi á fi rọlẹ̀. Àwọn ọmọ á ní "Mọ́mì, ta ló pè yín?", màá ní ará ibi iṣẹ́ wa kan ni. Mo rò pé àwọn ni mò ń parọ́ fún, àṣé èmi gan-an ni, ó sì lé ní ọdún kan ààbọ̀ kí n tó jáwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá mi jà, mi ò mọ̀.

Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Mo yọ̀ ṣubú, eegun ẹsẹ̀ òsì mi kán, wọ́n fi POP dè é, ọ̀sẹ̀ 6 gbáko ni mo fi jókòó sójú kan. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ń ro mí, ó tún wú díẹ̀, mo ní ṣebí ẹsẹ̀ tó kán ni, ṣé kò yẹ kó ro mí ni? Bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ mo jí láàárọ̀, ìhà ọ̀tún ń gún mi bí ọ̀bẹ tí mo bá ti mí sínú, èémí wá kúrú. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n fún mi lóògùn, ara rọ̀ mí lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé ó ti parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tí mi ò lò yẹn, ó já, ó bá ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn rìn, ó gba inú ọkàn kọjá, ó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ́ tán tí wọ́n bá tètè rí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lò. Tèmi ò yọ́ tán. Èyí tó kù lẹ̀ mọ́ ara iṣan níbẹ̀ bí àpá, ó le, ó dínà, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba ọ̀nà mẹ́wàá wá ń fún ara ẹ̀ gba ọ̀nà mẹ́rin.

Kì í ṣe pé ó dédé dé lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́ ni pé mi ò lè máa rìn kí n tún máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, orin, mo fẹ́ràn kí n máa kọrin tí mo bá ń fọ abọ́, ohùn mi á kàn gé láàárín, mo bá pa orin tì. Lẹ́yìn ìyẹn, okùn bàtà. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, kí n tó ka ení dé ogún á ti dà bíi pé ẹnì kan gbé òkúta lé mi láyà, màá yára nàró, ojú mi á ti pọ́n. Ẹ mọ nǹkan tí mo ṣe? Mo lọ ra bàtà tí kò ní okùn, inú mi tún dùn pé mo gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gé ayé mi kúrú sí ìwọ̀n èémí mi tí mi ò fura, tẹ́nikẹ́ni bá bi mí pé ara ńkọ́ màá ní ara le, torí gbogbo nǹkan tó lè mú mi mí hẹlẹ mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀ pátá, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ara ò yá.

Mo lọ rí dókítà o, kì í ṣe pé mi ò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ nọ́ọ̀sì á so nǹkan yẹn mọ́ mi lápá, á ní 118 lórí 76, á rẹ́rìn-ín músẹ́, "Mà, bíípíì yín dáa ju tèmi lọ." Ó ti tán nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọkàn ti kúrò nílẹ̀. Dókítà kan ní ásímà ni, ó fún mi ní èyí tí wọ́n máa ń fín sí ọ̀fun, mo fín in títí kò ṣe nǹkan kan. Òmíì ní kí n dín ara kù, òótọ́ ni pé mo ti sanra sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè gun àtẹ̀gùn, eré ìmárale wo ló fẹ́ ṣe? Òmíì ní ìrònú ni, pé kí n máa sinmi. Mi ò bínú sí wọn púpọ̀, torí nígbà tó yá mo rí i pé bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ wa nìyẹn, ó sábà máa ń lé ní ọdún 2 láti ìgbà tí èémí ti ń kúrú kí ẹnikẹ́ni tó pe àìsàn náà lórúkọ, torí kéèyàn máa mí hẹlẹ kó sì máa rẹ̀ ẹ́, àìsàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò lóǹkà. Ẹni tó ní ìrònú ni yẹn nìkan ni inú ṣì ń bí mi sí díẹ̀.

Nǹkan tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé. Okùn tí wọ́n ń so mọ́ apá yẹn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí apá òsì ọkàn ń tì lọ sí gbogbo ara ló ń wọ̀n. Apá ọ̀tún ọkàn ní ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ kó lè gba afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sì sí okùn tí wọ́n lè so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ìfúnpá ti ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró yìí kéré gan-an lára ẹni tí ara ẹ̀ le, ìpíndọ́gba ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 14 lọ, tó bá ti kọjá 20 nígbà téèyàn sinmi, wàhálà ti dé, ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, pulmonary hypertension, PH la máa ń pè é láàárín ara wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọn tèmi, 46 ni wọ́n bá níbẹ̀, lọ́jọ́ kan náà tí apá mi ṣì ń ka 118. Bí ilé oníyàrá méjì, iná ń jó nínú ọ̀kan, ẹni tó wà nínú èkejì ò gbóòórùn èéfín.

Òjò ló tú àṣírí mi. Fèrèsé òkè ṣí sílẹ̀, ìjì ti ń gbé òjò bọ̀, mo gbàgbé ara mi, mo sáré. Mi ò dúró ní kọ́nà lọ́jọ́ yẹn. Mo dé òkè, mo nawọ́ sí fèrèsé, òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀gbẹ́ ojú mi méjèèjì pàdé ara wọn láàárín. Nǹkan tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni táìlì tútù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi àti ọmọ mi obìnrin tó ń pariwo "Mọ́mì! Mọ́mì!", òjò sì ń rọ̀ wọlé lé àwa méjèèjì lórí. Ẹ jọ̀ọ́, kéèyàn dákú níbi tó ti ń sáré tàbí níbi tó ti ń gun òkè, ẹ má ní ó rẹ̀ ẹ́ ni o. Ọkàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Dókítà tó wò mí lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ́ ni, àbúrò mi ni dáadáa. Kò bi mí pé ṣé èémí mi ń kúrú. Ó ní, "Mà, àtẹ̀gùn mélòó lẹ máa ń gùn kẹ́ ẹ tó dúró?" Mo ní 8. Ó ní lọ́dún méjì sẹ́yìn ńkọ́? Mo dákẹ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mi ò mọ̀ pé àtẹ̀gùn wa ní iye. Ó ní kí n fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, kí n má sùn gbalaja, ó wá ń wo ọrùn mi, iṣan tó wà níbẹ̀ ti wú, ó ń lù sókè. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ó ka ení dé ẹ̀wá, nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò ihò wà níbẹ̀, àwa méjèèjì jọ ń wò ó bó ṣe ń kún padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní bàtà ló fún mi. Ó ní bàtà kì í dé ojúgun, mà. Ìgbà yẹn ló wá béèrè pé ṣé wọ́n ti de ẹsẹ̀ yìí ní POP rí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí látọjọ́ tí mo ti ń lọ ń bọ̀.

Wọ́n ṣe ẹ́kò fún mi, skáànù tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹni tó ń ṣe é kàn dákẹ́ lójijì, ẹ mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Mo ní kó fi hàn mí, ó kọ́kọ́ ń tiiri, nígbà tó yá ó yí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Yàrá òsì ọkàn yẹ kó rí róbótó bí òrùka, tèmi ti tẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan bíi lẹ́tà D, torí apá ọ̀tún ti wú, ó ń ti ògiri tó wà láàárín àwọn méjèèjì lu èkejì ẹ̀.

Bó ṣe yé mi ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀. Apá òsì ọkàn, alágbára ni, ògiri ẹ̀ nípọn, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń fún lẹ́jẹ̀. Ògiri apá ọ̀tún fẹ́lẹ́, iṣẹ́ ìtòsí ni iṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ò jìnnà sí i, ọ̀nà ibẹ̀ sì máa ń ṣí gbayawu. Tí ọ̀nà yẹn bá wá há, apá ọ̀tún á kọ́kọ́ múra sí i, ògiri ẹ̀ á nípọn bí apá ẹni tó ń gbẹ́ kànga, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù, fún ọdún, téèyàn ò sì ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n ti fà jù, fáàfù ẹnu ọ̀nà ò ní lè pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ síwájú á máa jò padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn yẹn sì ni ọrùn, ẹ̀dọ̀, ikùn àti ẹsẹ̀. Ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń wú nìyẹn o. Ìdí tí ikùn fi ń kún fómi nìyẹn, tí ẹ̀dọ̀ fi ń wú tí oúnjẹ kékeré fi ń yó èèyàn kíá, èmi tí mo rò pé dáyẹ́ẹ̀tì mi ló ń ṣiṣẹ́! Apá òsì ní tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ògiri tún ń tẹ̀ ẹ́, kí ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ nígbà tí mo bá ń sáré? Ọkàn tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ lápá ọ̀tún yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹni tó ní PH. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lorúkọ ẹ̀, ọkàn ló ń jìyà ẹ̀.

Wọ́n tún ṣe skáànù kan tí mo mí afẹ́fẹ́ kan sínú, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, kámẹ́rà wá ń ya ibi tí afẹ́fẹ́ dé àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé nínú ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ dé gbogbo ibi. Ti ẹ̀jẹ̀, ihò ihò, bí aṣọ tí ikán jẹ. Àwòrán yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ dídì àtijọ́ ni, CTEPH ni wọ́n ń pe irú tèmi. Tí wọ́n bá sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín pé PH ni tí wọn ò sì tíì ya irú skáànù yìí, ẹ bi wọ́n léèrè, torí irú tèmi yìí, iṣẹ́ abẹ lè wò ó fún àwọn kan pátápátá.

Ó wá ku kí wọ́n ki okùn bọ ọkàn mi. Okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, láti iṣan ọrùn, wọ́n á tì í dé apá ọ̀tún ọkàn, á gba ibẹ̀ wọ òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló ń wọn ìfúnpá ibẹ̀ gan-an, ẹ́kò kàn ń fojú díwọ̀n ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ ìtàn Werner Forssmann fún mi, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Jámánì tó ki irú okùn bẹ́ẹ̀ bọ iṣan apá ara ẹ̀ lọ́dún 1929, tó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya èésíréè kí wọ́n lè rí i pé okùn náà dé ọkàn lóòótọ́. Lọ́dún 1956 òun àti àwọn méjì míì jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Mo ní ṣé èmi náà máa rìn lọ ya èésíréè báyìí ni? Ó ní rárá mà, ẹ ṣáà sùn síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ló dùn mí. Nígbà tí okùn náà kan ọkàn, ó fò fìrì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ìgbà tí wọ́n bá ta èèyàn níka, ó tán.

Orí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró de dókítà ni mo ti wá mọ̀ pé PH kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, ọ̀nà 5 ni wọ́n pín in sí, oògùn tó gba ẹnì kan lè ba ti ẹlòmíì jẹ́. Bàbá kan wà tó máa ń jókòó tì mí, apá òsì ọkàn ẹ̀ ló ti le, bíípíì apá tí kò tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún ló bà á jẹ́, ẹ̀jẹ̀ wá ń kóra jọ padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, irú tiẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó tẹ̀ lé e, sìgá ló ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́. Òmíì, bó bá sùn á máa hanrun, èémí ẹ̀ á tún máa dúró lójú oorun. Obìnrin kan wà tí ìka ẹ̀ máa ń funfun báláú tí òtútù bá mú un, awọ ara ẹ̀ ń le, scleroderma ni wọ́n pè é, ó ti mú iṣan ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ náà. Ọmọkùnrin kan, ihò tí wọ́n bí i mọ́ nínú ọkàn ni, ẹnikẹ́ni ò rí i títí ó fi dàgbà. Fòníkú-fọ̀la-dìde lè fà á, HIV lè fà á, àìsàn ẹ̀dọ̀, àtọ̀sí ajá tó bá pẹ́ lára. Oògùn tí wọ́n ń lò kí wọ́n lè tín-ín-rín náà ti fà á rí, aminorex, ní Switzerland, Jámánì àti Austria láwọn ọdún 1960, kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Ti àwọn míì wà nínú ìran wọn, àwọn kan sì wà tí wọ́n yẹ̀ wò látòkè délẹ̀ tí wọn ò rí ìdí ẹ̀, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ ríru", ó gbé oògùn bíípíì tiẹ̀ wá fún mi tìfẹ́tìfẹ́, ó ní "òun ló ń gbé mi ró, lò ó." Mo lò ó, ẹ má bú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òyì kọ́ mi, mo padà jókòó lójijì. Bíípíì apá mi tí kò ṣe nǹkan kan ló já wálẹ̀, ti inú ẹ̀dọ̀fóró wà níbi tó wà. Títí dòní mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù kì í tiẹ̀ ṣe ìdákú. Alẹ́ ọjọ́ kan ni, mo jókòó jẹ́jẹ́, mi ò gun nǹkan kan, mi ò sá fún nǹkan kan, ọkàn mi kàn yí padà, ó ń lù kìkìkìkì láìdúró, mo ka á pẹ̀lú aago, 150 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Yàrá ọkàn tó ti fẹ̀, iná tó ń darí lílù ẹ̀ lè ṣìnà kó máa yí po, ẹni tí ọkàn ẹ̀ dá ṣáká lè rọ́jú fún ìyẹn díẹ̀, àwa ò lè rọ́jú fún un. Èèyàn á kàn rí i tí ẹsẹ̀ wú, tí èémí tán, láàárín ọjọ́ méjì. Wọ́n ní láti fi iná tún un tò fún mi lọ́sibítù, wọ́n kùn mí lóorun, mo jí, ó ti dákẹ́, ó ń lù wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

Iṣẹ́ abẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, wọ́n máa ń dá ọkàn dúró, wọ́n á mú kí ara tutù gan-an, wọ́n á wá máa bó àpá ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò lára iṣan ẹ̀dọ̀fóró bí ẹni ń bó èèpo. Tèmi ti wọ ìsàlẹ̀ jù, ọ̀bẹ ò lè débẹ̀. Ọ̀nà kejì ni wọ́n lò fún mi, rọ́bà kékeré tí wọ́n ń fẹ́ nínú iṣan kí ọ̀nà lè là, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí tí wọ́n bá là á pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ẹ̀dọ̀fóró lè farapa. Mo ń lo riociguat, oògùn tó ń mú kí iṣan ẹ̀dọ̀fóró ṣí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, mo ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìyẹn títí ayé, àti èyí tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ kí omi lè dínkù lára. Sildenafil làwọn míì lórí bẹ́ǹṣì wa ń lò, bẹ́ẹ̀ ni, oògùn àwọn ọkùnrin yẹn náà, Viagra, ọdún 1998 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún tiwọn, ọdún 2005 fún PH, ìyá àgbàlagbà kan ní tí òun bá ti lọ gbà á gbogbo èèyàn á máa wo òun látòkè délẹ̀, òun á ní "ẹ wò mí dáadáa o." Èèyàn ò gbọ́dọ̀ pa sildenafil àti riociguat pọ̀ ṣá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ pa èyíkéyìí nínú wọn pọ̀ mọ́ oògùn àyà dídùn tí wọ́n ń pè ní nitrate. Ti oyún, dókítà ò fi bò fún mi, ó ní ó lè gba ẹ̀mí mi. A ti bímọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wọ̀ mí lára, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Láràárọ̀ tí mo bá ti tọ̀ tán, mo máa ń gun òṣùwọ̀n kí n tó jẹ nǹkan kan, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá, mo máa pe nọ́ọ̀sì kí ẹsẹ̀ tó wú. Iyọ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bó ṣe rí lẹ́nu. Tí mo bá ń lọ rí dókítà mi ò kì í sọ "ara ń rẹ̀ mí" mọ́, mo máa ń mú iye lọ: àtẹ̀gùn mélòó, ilé mélòó ni mo rìn kọjá kí n tó dúró, ìrọ̀rí mélòó ni mo fi sùn.

Wọ́n máa ń ní ká rìn fún ìṣẹ́jú 6 láàárín kọ́rídọ̀ kí wọ́n wo ibi tá a rìn dé. Ìgbà àkọ́kọ́ mo rìn mítà 290, mo dúró lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí mo rìn kẹ́yìn jẹ́ 410, mi ò dúró. Okùn inú ọkàn tí wọ́n tún kì bọ̀ mí lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ka 29, kò tíì dára tán, ṣùgbọ́n D yẹn ti ń padà di òrùka. Nílé, mo ṣì máa ń dúró ní kọ́nà, lórí àtẹ̀gùn kẹjọ, ìyẹn ò tíì kúrò. Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, ó rí mi tí mo dúró, ó ní "Mọ́mì, ta ló pè yín?" Fóònù wà nínú yàrá, ọwọ́ mi ṣófo. Mo ní kò sẹ́ni tó pè mí, èémí mi ni mò ń dúró dè. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bá mi dúró dè é.